Kíka iye obìnrin nìkan kò tó: ohun tí fẹ́mínísíìmù Áfíríkà ń béèrè lọ́wọ́ yunifásítì

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbíyẹmí Ọlátúnjí-Bello di gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọláṣadé Ògúnṣọlá gorí àga gíwá Unilag ní Akọka, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sípò náà ní kíkún láti ọdún 1962 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún sílẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn nígboro: obìnrin ti di ọ̀gá, kí ló tún kù tí ẹ̀ ń pariwo lé lórí?

Ohun tó kù pọ̀. Kì í kúkú ṣe òní ni obìnrin ti ń di gíwá nílẹ̀ yìí. Ọdún 1985 ni Grace Alele-Williams, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Unilag fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò, lọ di gíwá Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní Nàìjíríà. Pé obìnrin wà lórí àga kò yí àtòjọ ìwé tí wọ́n ń kà nínú kọ́ọ̀sì padà, kò sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe yẹ kó fọ̀rọ̀ wá ẹni tó ń yan ẹja ní Mákòókò lẹ́nu wò. Ibi tí fẹ́mínísíìmù Áfíríkà, ìyẹn èrò àti ìjà àwọn obìnrin Áfíríkà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, ń tẹ̀ mọ́ nìyẹn: ta ló ń béèrè ìbéèrè, ìmọ̀ ta ni wọ́n kà sí ìmọ̀, ta ló ń ru ewu ìwádìí, àpò ta sì ni èrè rẹ̀ ń bọ́ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1977 ni àwọn obìnrin onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi kóra jọ ní Dakar, tí wọ́n dá AAWORD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Áfíríkà fún ìwádìí àti ìdàgbàsókè, sílẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kò le: àjèjì ń fi owó àjèjì wá bi obìnrin Áfíríkà ní ohun tí àjèjì fẹ́ gbọ́, wọ́n sì ń kó ìdáhùn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ní Zaria dá Women in Nigeria, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WIN, sílẹ̀. Wọ́n gba ọkùnrin mọ́ra, wọ́n sì so ìyà obìnrin pọ̀ mọ́ ìyà tálákà. Ní Ìbàdàn, Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, wà lára àwọn tó dá ibùdó WORDOC sílẹ̀ kí àkọsílẹ̀ lórí obìnrin lè níbi tí yóò máa gbé. Ọdún 1996 ni African Gender Institute bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cape Town, ibẹ̀ sì ni Amina Mama, tí wọ́n bí sí Kaduna, ti gbé ìwé àtìgbàdégbà Feminist Africa jáde ní 2002. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2006, àwọn obìnrin fẹ́mínísíìmù láti káàkiri Áfíríkà pàdé ní Accra, wọ́n kọ ìwé ìlànà tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé fẹ́mínísíìmù làwọn ń ṣe, kò sí “àmọ́” níbẹ̀.

Ohun kan bọ́ sáàárín gbogbo èyí tí kò yẹ ká fò. Ọdún 1986 ni ìjọba ológun gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé. Náírà já wálẹ̀, owó tó ń wọlé fún yunifásítì gbẹ, owó oṣù olùkọ́ kò sì ra nǹkan gidi mọ́. Àwọn àjọ òkè òkun di ẹni tó lówó ìwádìí lọ́wọ́, iṣẹ́ “obìnrin àti ìdàgbàsókè” sì ni wọ́n ń náwó lé. Olùkọ́ tó fẹ́ jẹun di kọ̀ǹsọ́táǹtì: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ládùúgbò àwọn èèyàn, ìròyìn tí ẹni tó san owó ti mọ èsì rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè, ó tán. Àbàwọ́n yẹn kò tíì kúrò lára ọ̀rọ̀ jẹ́ńdà, ìyẹn bí àwùjọ ṣe ń pín ipò fún ọkùnrin àti obìnrin. Inú ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ owó ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ló mọ. Ẹni tó bá ń kan fẹ́mínísíìmù lábùkù pé ọjà òyìnbó ni, ó yẹ kó mọ̀ pé àwọn obìnrin Dakar ti bá òyìnbó fa ọ̀rọ̀ yẹn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Mọ́lará Ògúndípẹ̀, akéwì àti onímọ̀ lítíréṣọ̀ tó jáde láyé ní 2019, ní tirẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ “fẹ́mínísíìmù” dá a dúró láti jiyàn lójoojúmọ́. Ó gbé orúkọ mìíràn kalẹ̀, STIWA, tó túmọ̀ sí pé kí àwùjọ yí padà, kí obìnrin Áfíríkà sì wà nínú ìyípadà náà. Ó ní òkè mẹ́fà ló wà lẹ́yìn obìnrin Áfíríkà: ìnilára láti òde, àṣà ìbílẹ̀, ìfàsẹ́yìn tí ìjọba amúnisìn kó bá a, ọkùnrin rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀. Òkè kẹfà yẹn ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ kà. Irinṣẹ́ tó wúlò gan-an ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ òkè kan ṣoṣo ló rí nínú ìtàn obìnrin kan, tó jẹ́ pé ọkọ nìkan ni ó dá lẹ́bi tàbí ìjọba nìkan, kó padà lọ béèrè sí i.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù láàárín àwọn fúnra wọn ni ti Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1997. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n fi ń to èèyàn sípò, kì í ṣe ọkùnrin àti obìnrin, àti pé àwọn òyìnbó ló gbé ìpín ti ọkùnrin àti obìnrin yẹn wọ inú ìtàn wa. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, Ifi Amadiume, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ti kọ nípa Nnobi nílẹ̀ Ìgbò, níbi tí obìnrin ti lè fẹ́ ìyàwó, tí ọmọbìnrin sì lè gba ipò ọmọkùnrin nínú ìdílé. Ẹ̀rí pọ̀ fún Oyěwùmí nínú ilé wa: ìyàwó tó wọlé lánàá ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní ọkọ. Àmọ́ àtakò rẹ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí èèyàn wọ agbo ilé ló ń sọ ọ́ di àgbà tàbí ọmọdé, tó sì jẹ́ obìnrin ló ń kó kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ, obìnrin ni òfin náà máa ń já lé lórí. Èyí la fi rò pé kò yẹ kí olùkọ́ kankan fi Oyěwùmí kọ́ni láìfi àtakò rẹ̀ tì í. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́ ní kíláàsì, pé Yorùbá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀.

Nínú kíláàsì

Láti sáà 2023/2024 ni NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ti ní kí àwọn yunifásítì máa lo ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS. NUC ló kọ 70% ohun tí wọ́n ń kọ́ni, 30% tó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Inú 30% yẹn ni ilẹ̀kùn wà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ gbé kọ́ọ̀sì tuntun kalẹ̀ yóò gbé e lọ síwájú ìpàdé ẹ̀ka rẹ̀, lẹ́yìn náà fákọ́tì, kó tó dé sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ lórí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe èyí, wọ́n á bí kọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ “jẹ́ńdà àti” nǹkan kan, ẹni tó bí i nìkan ló sì máa ń kọ́ ọ. Ọdún tó bá gba ìsinmi ìwádìí, tàbí tó bá jápa lọ sí Kánádà, kọ́ọ̀sì náà kú.

Ohun tó ń pẹ́ ni kí wọ́n hun ọ̀rọ̀ náà mọ́ kọ́ọ̀sì tó ti wà. Wo kọ́ọ̀sì ètò ọrọ̀ ajé. Dípò kí ọ̀rọ̀ obìnrin jókòó sí ọ̀sẹ̀ kẹwàá nìkan, nígbà tí ara ti rẹ gbogbo wọn tí ìdánwò sì ti ń kanlẹ̀kùn, kí àjọ àti èsúsú wọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ nípa báǹkì àti yíyá owó. Kí wọ́n bá ìwé ìṣirò owó alájọ ìlú Mushin kan ṣe iṣẹ́ àmúrelé: iye ẹni tó ń dá a, ìgbà wo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó o, kí ló dé tí ẹni tó ń kó gbẹ̀yìn fi gbà, kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá kó tirẹ̀ tán tó sá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe èyí yóò rí i pé ẹ̀kọ́ nípa ewu àti ìdánilójú owó ni ìyá alájọ fi ń ṣiṣẹ́ jẹ.

Ní ti àtòjọ ìwé kíkà, àyẹ̀wò ìpele méjì ló wà. Àkọ́kọ́ rọrùn, kí ẹ ka iye obìnrin Áfíríkà tó wà níbẹ̀. Èkejì ló ṣòro: kí ni wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn ṣe? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin Yúróòpù kan ló ń mú àbá èrò wá, obìnrin Áfíríkà á wá mú àpẹẹrẹ wá, bí ẹni pé òun kò lè ronú ju agbolé rẹ̀ lọ. Ẹ yí i padà fún ọ̀sẹ̀ kan péré: kí Ògúndípẹ̀ mú àbá èrò wá, kí ìtàn obìnrin òṣìṣẹ́ ní Manchester di àpẹẹrẹ. Ẹ máa rí bí kíláàsì yóò ṣe gbóná. Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀ o. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta ìwé tó dára, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni Feminist Africa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí olùkọ́ gba àyọkà náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, nítorí bí akẹ́kọ̀ọ́ 300 bá ń fi détà tiwọn wá a kiri, ìdajì kò ní kà á.

Kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ni ìṣòro tí ìwé òyìnbó kì í sábàá rò. Wọ́n ní kí ẹ jókòó yípo, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa pe olùkọ́ ní orúkọ rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí èèyàn 300 há sí kò ṣeé jókòó yípo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n sì tọ́ dáadáa kò ní pe olùkọ́ rẹ̀ ní “Títí” lásán. Bí ẹ bá fipá mú un, ẹnu rẹ̀ á kàn dì ni. Kí “sà” àti “mà” dúró síbi tí wọ́n wà. Àǹfààní ọ̀rọ̀ sísọ ló yẹ ká pín. Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn fi ìṣẹ́jú méjì kọ èrò wọn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kí olùkọ́ fa nọ́ńbà mátíríìkì yọ nínú ìwé wíwá sí kíláàsì, kó sì ní kí ẹni tó bọ́ sí ka ohun tó kọ. Kò sí ẹni tí a ká mọ́ láìmúra sílẹ̀, àwọn ọkùnrin márùn-ún tó máa ń jókòó síwájú kò sì ní gba máíkì mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní àrùn tirẹ̀. Ọkùnrin ni aṣojú kíláàsì (course rep), obìnrin ni igbákejì rẹ̀. Obìnrin ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló ń tẹ̀ ẹ́, òun ló ń lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìta, ọkùnrin á wá dìde láti ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì. Kí olùkọ́ pín ẹgbẹ́ sí márùn-ún márùn-ún, kó kọ ojúṣe márùn-ún sílẹ̀, kó sì máa yí i ká ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá fi máàkì tì í, kò ní yí. Kí ojú ìwé kan wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti kọ ohun tó ṣe, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i.

Àti ọ̀rọ̀ ìfìyà ìbálòpọ̀ jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2019, fídíò ìwádìí BBC lórí àwọn olùkọ́ tó ń fi máàkì wá ìbálòpọ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana gbòde kan. Ní oṣù Keje 2020, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí àbá òfin lórí rẹ̀, àmọ́ kò di òfin nígbà náà. Kí òfin tó dé, ohun tí ẹ̀ka kan lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pírójẹ́ẹ̀tì ní olùtọ́sọ́nà méjì, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni àyànmọ́ rẹ̀ wà. Kí ìpàdé wáyé ní ọ́fíìsì, lójúmọmọ, kí ilẹ̀kùn ṣí. Kí àtúnṣe iṣẹ́ wà lórí ìwé tàbí ímeèlì, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé orí kejì rẹ̀ kò dára láìsọ ohun tó ṣe é. Kí ó jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló máa wà lórí ìwé ìdánwò, láìsí orúkọ. Ibi tí èyí ti ń bàjẹ́ ni ibi tí wọ́n bá ti fi ìgbìmọ̀ ẹ̀sùn sábẹ́ ẹni tó ń bá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹun nínú abọ́ kan náà.

Nínú ọjà, nínú ilé onílé

Ìwádìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń di mímúná, torí ibẹ̀ ni yunifásítì ti ń jáde lọ bá ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ a dé Òkè-Àrín tàbí Oyíǹgbò pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, á ní kí ìyá tẹ̀ka síbẹ̀, ìyá á sì kọ̀ jálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sínú pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé àìmọ̀wé ló fà á. Irọ́ ni. Ìrírí ló fà á. Ní 1929, kíka obìnrin àti ẹran ọ̀sìn wọn ní Oloko nílẹ̀ Ìgbò ló dá ogun àwọn obìnrin sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kíkà ló ń ṣáájú owó orí. Lórí erékùṣù Èkó níhìn-ín, Àlímọ̀tù Pelewúrà, ẹlẹ́ja tó jẹ́ olórí ọjà Èrèkò, kó àwọn obìnrin ọjà jọ ní 1932 nígbà tí òkìkí kàn pé ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin. Ní 1940, ìjọba gbé òfin dé pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san án. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn àwọn obìnrin ti ìsọ̀ wọn, wọ́n tú jáde, ìjọba sì sún iye náà lọ sí £200. Lásìkò ogun àgbáyé kejì, tí Pullen, ọ̀gá ìjọba amúnisìn tó ń ṣàkóso iye ọjà, fẹ́ máa dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, àwọn obìnrin yìí kan náà ló dúró gbọn-in títí ètò náà fi wọmi. Ọdún 1951 ni Pelewúrà kú, kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìwé lè ṣe fún èèyàn.

Nítorí náà, bí obìnrin ọjà bá kọ̀ láti tẹ̀ka, ìmọ̀ ló ń lò. Olùwádìí tó gbọ́n á lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwà ìwádìí wò, yóò ní kí wọ́n gba òun láàyè láti gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu, kí ohùn náà wà nínú ẹ̀rọ láìdárúkọ. Yóò sọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ máa gbà, ẹni tó san owó ìwádìí, ibi tí ohùn máa wà, àti ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí ìyá lè sọ pé kí wọ́n pa tòun rẹ́. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ mọ́, kò sì dáa ká ṣèlérí ohun tí a kò lè ṣe.

Ìtàn Pelewúrà tún kọ́ wa bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀. Nínú ìwé ìjọba, “àwọn obìnrin ọjà” ni wọ́n sábà máa ń kọ, orúkọ kì í sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ìgbà náà jẹ́ pé akọ̀wé ló bá wọn kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ ohun tí a mọ̀ wá láti inú àwọn ìwé Herbert Macaulay tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọkùnrin olóṣèlú sì ni Macaulay, ó ní ohun tó ń wá. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí yóò máa bi ara rẹ̀ pé níbo ni ohùn obìnrin gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nínú gbólóhùn yìí, níbo sì ni ti akọ̀wé ti wọlé.

Ọ̀nà àtiwọ ọjà gba sùúrù. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí ni ìyálọ́jà, lẹ́yìn náà olórí ẹ̀ka, bí ẹlẹ́ja tàbí aláta. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí olùwádìí gbà pé àṣẹ ìyálọ́jà ni ìyọ̀ǹda gbogbo obìnrin. Ìyálọ́jà á fa èèyàn mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọ, wọ́n á sì jẹ́ àwọn tó ní ìsọ̀, tí wọn kò jẹ owó ẹgbẹ́, tí wọ́n ń bá a lọ síbi ayẹyẹ. Àwọn tó tẹ́ ọjà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, àwọn ọmọbìnrin aláàárù, àwọn tí wọ́n lé kúrò ní ìsọ̀ nítorí gbèsè, wọn kò ní sí níbẹ̀. Obìnrin máa ń ni obìnrin lára nínú ọjà, ìwádìí tó bá fi èyí pamọ́ nítorí pé òun fẹ́ yin obìnrin kì í ṣe fẹ́mínísíìmù kankan. Ìdajì àwọn tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀, ẹ wá wọn fúnra yín, ní wákàtí mìíràn, láìgba ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka kọjá.

Àkókò náà ńkọ́? Ìdájí ni ọjà ẹja gbóná. Olùwádìí tó bá dé nígbà yẹn ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹlẹ́ja. Ọ̀sán gangan, tí oníbàárà ti dínkù, ló dáa jù. Kí ọ̀rọ̀ má kọjá ìṣẹ́jú 40, kí olùwádìí sì gbà láti dákẹ́ nígbà tí oníbàárà bá dé. Kí wọ́n san nǹkan fún àkókò rẹ̀, kí iye náà bá ohun tó lè pàdánù mu, kó má pọ̀ débi tí ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ kò fi ní lè kọ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń polówó ọjà máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ lè parọ́. “Ṣé ẹ ń ṣiṣẹ́?” Ìyá tó ń ta ẹja dídì níwájú ilé rẹ̀ ní Bàrígà láti aago mẹ́fà àárọ̀ á ní rárá, òun kàn ń ta nǹkan díẹ̀ ni. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò níṣẹ́. Ẹ bi í pé, “Láti ìgbà tí ẹ jí lánàá títí ẹ fi sùn, kí lẹ ṣe?” kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e wákàtí dé wákàtí. “Ta ni olórí ilé?” náà bẹ́ẹ̀ ni. Yóò dárúkọ ọkọ tí kò wálé láti ọdún mẹ́ta, nítorí ìbọ̀wọ̀. Ẹ bi í ta ló san owó ilé tó kọjá, ta ló ra gáàsì, owó ta ni wọ́n fi san owó ilé ìwé sáà yìí. Olórí ilé á jáde fúnra rẹ̀.

Ìwádìí lórí ìfìyàjẹni nínú ilé ní òfin tó le jù, torí ó lè pa èèyàn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2001 sọ pé obìnrin kan ṣoṣo ni kí wọ́n bi nínú ilé kan, kí àwọn yòókù má baà mọ ohun tí ẹ bá a sọ. Nínú ilé fééèsì-mí-n-fééèsì-ẹ, níbi tí ògiri kò ti di ọ̀rọ̀ mú, gbogbo ilé náà ló yẹ kí ẹ kà sí ilé kan. Ẹ má ṣe sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀rọ̀ lílù ni; ọ̀rọ̀ ìlera obìnrin ni. Kí ìwé ìbéèrè mìíràn wà lọ́wọ́, lórí oúnjẹ ọmọ tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ bọ́ sí i bí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Ọmọ tó bá ti ju ọdún méjì lọ kò gbọdọ̀ jókòó tì yín, nítorí ọmọ máa ń sọ ohun tó gbọ́. Kí nọ́ńbà àwọn tó lè ṣèrànwọ́, bíi DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìfìyàjẹni nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, wà lórí páálí kékeré tó lè wọ inú bàtà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí ìyá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ lè má lè fi í ṣe àṣírí. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ogún tí wọ́n kàn fún ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ní kó máa lọ, kò yẹ kó ṣe irú iṣẹ́ yìí rárá.

Lẹ́yìn ọjà ni iṣẹ́ tí ojú kì í rí. Wákàtí kan ohùn Yorùbá máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ láti kọ sílẹ̀. Obìnrin ló sábà máa ń kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó wá “ran ọ̀gá lọ́wọ́”, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sí níbì kankan. Kí wọ́n san owó rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ inú ìwé. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i bí wọ́n ti ń kọ ọ́: “ọkọ mi ló gbà á” àti “ọkọ̀ mi ló gbà á” kì í ṣe ìròyìn kan náà lẹ́nu obìnrin tí owó rẹ̀ tán. Kí wọ́n ṣe ìtúpalẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì túmọ̀ kìkì ohun tí wọ́n máa fà yọ.

Ìpamọ́ orúkọ ju yíyí Rísíkà padà sí Bọ́lá lọ. Bí ẹ bá kọ “ẹlẹ́ja kan, ìyá ìbejì, ní ìsọ̀ tó kọjú sí mọ́sáláṣí”, gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn àmì náà kúrò. Láti 2023 tí òfin ààbò détà ti wà ní Nàìjíríà, ohùn èèyàn jẹ́ ohun tí òfin dáàbò bò. Fífi í sílẹ̀ sórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tàbí lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ìwádìí léwu.

Lẹ́yìn náà ni àbọ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Olùwádìí tó bá kó ọ̀rọ̀ lọ tí kò padà wá ló ń ba ọ̀nà jẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ń bọ̀. Àbọ̀ tó dára kò náni lówó: ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp, ní Yorùbá tó já gaara, tó sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n máa kọ, kí àwọn obìnrin lè ta kò ó kó tó di ìwé. Àtakò wọn náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń há sí ni ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Máàkì tí wọ́n fi ń gbé olùkọ́ sókè wà fún àyọkà nínú ìwé ìmọ̀, pàápàá èyí tó bá jáde lókè òkun. Ohùn WhatsApp fún ẹlẹ́ja Mákòókò kò ní máàkì, ìròyìn ìwádìí ní Yorùbá kò ní in, àkókò tí olùkọ́ fi gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní in. Àwọn obìnrin tó wà ní ìpele kékeré ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn kan náà sì ni ìgbéga wọn ń pẹ́. Ọwọ́ sẹ́nétì yunifásítì kọ̀ọ̀kan àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ ni àtúnṣe èyí wà, kò sì dìgbà tí Abuja bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ya iye máàkì kan sọ́tọ̀ fún àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ fún àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí láàárín wọn.